Ewé Tí Ó Kù Kan

Bí Yorùbá bá rí oògùn tí kò jẹ́, wọn kì í bá oògùn náà wí. Wọn a ní ewé rẹ̀ ni ó kù kan. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ó sì bọ̀wọ̀ fún àwọn baba ńlá wa, nítorí pé ó gbà pé ìmọ̀ tiwọn pé, pé àṣìṣe ọwọ́ àwa ọmọ ni ó ba iṣẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí òwe náà ti ń kọ mí lóminú. Bí ewé kan bá kù lóòótọ́, ta ni ó yọ ọ́? Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹni tí ó ni oògùn ni ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ kúrò, ǹjẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó lò, àbí ẹ̀ṣẹ̀ ni ó dá? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ gbé yẹ̀ wò nìyí. N kò sì ní í ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìta gbangba lásán ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé mi ni.

Ọmọ Ìlobù ni mí. Ẹni tí ó bá mọ ìlú wa yóò mọ̀ pé a kì í sọ̀rọ̀ ìṣègùn níbẹ̀ kí á má dárúkọ Erinlẹ̀. Ọdẹ ni Erinlẹ̀ nínú ìtàn, oníṣègùn sì ni pẹ̀lú. Nígbà tí ó fẹ́ fi ayé sílẹ̀, ó wọlẹ̀, ó di odò tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní olónìí. Àwọn tí ń sìn ín a máa bu omi odò náà àti òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sínú ìkòkò amọ̀, wọn a sì dé e ní ọmọrí. Wọn a máa ri ọ̀pá irin tí ẹyẹ bà lé lórí mọ́lẹ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún Ọ̀sanyìn tí ó ni ewé. Inú ìlú tí ìṣègùn àti ìkòkò dídé ti jẹ́ ìbejì báyìí ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà.

Bàbá tí ó bí bàbá mi kì í ṣe ìlú-mọ̀-ọ́n-ká oníṣègùn. Àgbẹ̀ ni, iṣu àti àgbàdo ni ó fi ń bọ́ wa. Ṣùgbọ́n ó ní oògùn kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wá láti Ìfọ́n, láti Ẹdẹ, àti láti Òṣogbo pàápàá. Oògùn náà wà fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń ṣe àìsàn tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde. Orúkọ yìí kò nílò àlàyé fún ẹni tí ó bá ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ra rí.

Àbúrò mi obìnrin, tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ní in. Bí òjò bá ti ń ṣú, tàbí tí ọyẹ́ bá fẹ́ dé, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ̀ nínú ilé. Orúnkún rẹ̀ ni yóò mú ìròyìn wá, lẹ́yìn náà àyà rẹ̀. Ojú rẹ̀ a sì pọ́n bí ojú ẹni tí ibà-pọ́njú ń ṣe. Nígbà náà ni Bàbá yóò wọ yàrá, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́rí, a ó sì máa gbọ́ ìró odó. Dúdú ni àgbo náà, ó sì korò ju ewúro lọ. Bí àbúrò mi bá ti mu ún fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìrora náà a rọlẹ̀, a dìde, a fi orin àtà run ẹnu rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe láràárọ̀, a sì tún bá wa ṣeré. Mo bẹ ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún yìí sọ́kàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn àlejò mẹ́ta wá bá Bàbá láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ dáadáa, n kò lè purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní kí Bàbá ṣàánú ọmọ aráyé, kí ó sọ ohun tí ó wà nínú àgbo rẹ̀. Bàbá sọ ọ́. Ó ka ewé, ó ka egbò, ó ka èèpo igi, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti ń kà á. Wọ́n fún un ní ìgò ọtí kan àti owó díẹ̀, wọ́n lọ, a kò sì tún gbúròó wọn mọ́ láéláé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá ń dá rẹ́rìn-ín lórí ẹní. Ó ní òun ti yọ ọ̀kan, òun sì ti fi ewé mìíràn dí àyè rẹ̀. Ó ní, “Bí wọ́n bá sè é tí kò jẹ́, wọn yóò mọ̀ pé ewé rẹ̀ ni ó kù kan.”

Bàbá kú ní 1976. Ó sùn, kò jí. Iṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi ń ṣe ní ìlú òkèèrè nígbà náà, Bàbá sì ti ń dúró de ìgbà tí yóò fẹ̀yìn tì wá sílé kí ó tó fi oògùn náà lé e lọ́wọ́. Àbúrò mi kú ní 1979, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó pẹ́ gan-an tí mo fi di Bàbá sínú. Lójú mi, ewé kan ṣoṣo ni ó gbé wọ sàréè, ẹ̀mí àbúrò mi sì ń bẹ lórí ewé náà.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni ìdí tí àwọn àgbà fi ń fi ewé pamọ́? Èkíní ni pé oúnjẹ wọn ni: kò sí ẹni tí í ní kí alágbẹ̀dẹ kó ẹwìrì rẹ̀ síta fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́. Wọ́n tún ń bẹ̀rù ìlòkulò, nítorí pé ewé tí ń wo ni sàn lè pa ni bí ọwọ́ bá ṣì í. Àwọn kan gbà pé oògùn tí a bá sọ di ọ̀rọ̀ ọjà kò ní í jẹ́ mọ́. Èyí tí ó wúwo jù lọ lójú èmi ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó wá béèrè kò wá bí ọmọ ti í wá. Ó wá bí olè tí ó mọ̀wé. Ìgò ọtí kan fún ìmọ̀ ìran mẹ́ta! Bí mo bá wà ní ipò Bàbá, bóyá ewé méjì ni n óò yọ.

Ìtàn kan wà tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba àti Brasil kò gbàgbé. Wọ́n ní Ọ̀sanyìn kó gbogbo ewé ayé sínú igbá kan, ó gbé e kọ́ sórí igi. Ẹ̀tẹ̀ bá àwọn òrìṣà yòókù, nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe láìsí ewé. Ni Ọya bá jà bí ìjì, igbá já bọ́, ewé fọ́n ká, olúkúlùkù òrìṣà sì ṣa èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀: ewé ni wọ́n rí ṣà, ìmọ̀ ìlò rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Ọ̀sanyìn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ń padà sí. Bí mo bá ti ń rántí ìtàn yìí, ohun méjì ni mo máa ń rí nínú rẹ̀. Ìjì lè gba ewé lọ́wọ́ ẹni, kò lè gba ìmọ̀. Àwọn àlejò wa ìjọ́sí jẹ́ ìjì.

Pierre Verger, òyìnbó ará Faransé tí ó gbé ní Òṣogbo, nítòsí wa, kò wá bí ìjì. Ó ti kọ́ Ifá ní Kétu, ó sì ti gba orúkọ Fátúmbí ní 1953, kí Yunifásítì Ifẹ̀ tó tẹ ìwé kékeré rẹ̀ lórí àwọn ewé Ọ̀sanyìn jáde ní 1967. Nígbà tí ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn babaláwo, ọmọ awo ni ó ń bá ọmọ awo sọ̀rọ̀. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé kò yẹ kí ó bínú bí wọ́n bá fi ẹ̀yìnkùlé hàn án.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ewé tí ẹnikẹ́ni kò fi pamọ́. Orin àtà kì í ṣe awo. Ọmọdé ń fi run ẹnu, àgbà ń fi run ẹnu, àwọn obìnrin ń tà á ní gbogbo ọjà ilẹ̀ wa. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a sọ ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, àwọn onímọ̀ oògùn ń yẹ àwọn orin wa wò láti mọ̀ bí wọ́n bá lè pa kòkòrò àìfojúrí. Inú àwo tí ẹ̀jẹ̀ wà ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò náà. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ tí omi orin àtà bá kàn ń pọ́n síbẹ̀, nígbà tí ó yẹ kí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Ohun kékeré ni, ojú ẹlòmíràn ìbá fò ó dá. Wọ́n rántí àwọn ọmọ fòníkú-fọ̀la-dìde, tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí ó yẹ kí ó rí róbótó, máa ń tẹ̀ bí dòjé nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dín kù nínú rẹ̀, tí yóò sì dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. (Herrick, dókítà kan ní Chicago, ni ó kọ́kọ́ kọ nípa irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìṣègùn àwọn òyìnbó ní 1910, àwọn ìyá wa ti fi ojú wọn rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.) Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti Isaacs kọ ọ́ jáde pé omi gbòǹgbò orin àtà ń dá sẹ́ẹ̀lì tí ó ti tẹ̀ padà sípò nínú ìgò. Ní 1975 ni àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbájáde ìdánwò àkọ́kọ́ lára àwọn aláìsàn jáde.

Ìwòsàn kọ́ ni wọ́n rí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò kì í ṣẹlẹ̀ nínú ara nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ẹlòmíràn mú un níbi tí wọ́n bá a dé. Ní Burkina Faso, gbòǹgbò igi yìí kan náà àti ti bomubómu ni wọ́n pa pọ̀ ṣe oògùn tí wọ́n ń pè ní FACA. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìròyìn orin àtà, ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ pa mí. Ohun tí ń bẹ lẹ́nu àbúrò mi láràárọ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń wò nínú ìgò.

Ọ̀nà kejì ni ti ìdílé Ògúnyalé. Awo ìdílé ni oògùn tiwọn, kì í ṣe ohun tí a ń rí lójú ọjà. Ṣùgbọ́n Ògúnyalé fi han àwọn olùṣèwádìí ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdu, ní Àbújá, èyí tí a ń pè ní NIPRD, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ń darí nígbà náà. Kò fi hàn wọ́n nítorí ìgò ọtí. Wọ́n jọ ṣe ìwé àdéhùn, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí ó ni oògùn yóò pín nínú èrè. Wọ́n pe oògùn náà ní Niprisan. Nígbà tí wọ́n sì ṣí igbá, kí ni a bá níbẹ̀? Ìyèré tí a ń fi sínú ọbẹ̀. Igi osùn, tí a ń fi pa ọmọ tuntun lára. Kànáfùrù. Pòròpórò ọkà bàbà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìyá mi kò mọ̀. Bí a ti ń pò wọ́n pọ̀ àti bí a ti ń wọ̀n wọ́n ni awo, kì í ṣe àwọn gan-an.

Ibi tí ìdánwò tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ ti kàn mí ni mo ń bọ̀ yìí. Aláìsàn 82 ni wọ́n pè. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn, wọ́n fún àwọn yòókù ní ohun tí ó jọ oògùn tí kì í ṣe oògùn. Nígbà tí ó yá, wọ́n pààrọ̀ wọn, kí ẹni tí ó ti ń lo ọ̀kan lè lo èkejì. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń lò, dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀ kò sì mọ̀. Ní 2001, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé ìrora ńlá dín kù fún àwọn aláìsàn ní àkókò tí wọ́n fi ń lo oògùn gidi.

Kí ni wọ́n fi ń pa ara wọn lórúkọ báyìí? Kí ni ìdí tí wọn kò fi lè fún ọmọ ní oògùn, kí wọ́n sì wò ó bí yóò dìde? Ìdí rẹ̀ ni pé fòníkú-fọ̀la-dìde jẹ́ àìsàn tí í dé tí í sì í lọ. Bí ìrora bá ti dìde, ó máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, pàápàá bí ọmọ bá sinmi, tí ó mu omi púpọ̀, tí ara rẹ̀ sì móoru. Ohunkóhun tí a bá fún un ní àkókò náà ni yóò gba ìyìn.

Ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún!

Ọjọ́ tí òye èyí yé mi, mo jókòó fún ìgbà pípẹ́. Mo ti dá Bàbá lẹ́bi ikú fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí oògùn tí èmi fúnra mi kò mọ̀ bóyá ó jẹ́ tàbí kò jẹ́. Ó lè jẹ́ pé àgbo náà ṣiṣẹ́ ribiribi. Ó sì lè jẹ́ pé omi gbígbóná àti ọwọ́ Bàbá tí ó máa ń wà lórí orúnkún ọmọ náà ni ó ṣiṣẹ́. Bàbá pàápàá kò mọ̀, kò sì sí bí ó ṣe lè mọ̀, nítorí pé òun nìkan ni ó ń wo oògùn náà, ojú ẹni tí ó fẹ́ràn ọmọ ni ó sì fi ń wò ó. Ibí ni mo ti rí àlébù òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti lè sọ nígbàkúùgbà pé ewé kan ni ó kù, kò sí oògùn tí a lè mọ̀ láéláé pé kò jẹ́. Ẹni tí ó fi ewé pamọ́ fi agbára rẹ̀ pamọ́. Ó tún fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́ fún ara rẹ̀.

Àṣìṣe sì lè ní ìpalára. Asofẹ́yẹjẹ jẹ́ àpẹẹrẹ. Raymond Prince, dókítà tí ó ṣiṣẹ́ ní Arò ní Abẹ́òkúta, kọ ọ́ jáde ní 1960 pé àwọn oníṣègùn wa ń fi igi yìí tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú. Irọ́ kọ́: ohun tí a ń pè ní reserpine ń bẹ nínú rẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó ti yọ ní 1952 lára ìbátan igi náà tí ó wà ní Íńdíà. Ó ń mú ara rọ̀, ó ń dín ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ìfúnpá a lọ sílẹ̀ kọjá ààlà, ìbànújẹ́ ọkàn tí kò nídìí a sì lè bo ẹni tí ń lò ó. Oníṣègùn tí kò bá bá ẹnikẹ́ni sọ iye tí òun ń bù, ta ni yóò sọ fún un pé ó pọ̀?

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ó lé ní 1,600 ọdún sẹ́yìn, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ge Hong kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn sílẹ̀. Ó kọ nípa ewé kan tí wọ́n ń lò fún ibà, ó ní kí a rẹ ẹ́ sínú omi, kí a fún un, kí a mu ún. Kò ní kí a sè é. Nígbà tí Tu Youyou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá oògùn ibà ní ọdún 1971, ewé náà ń ṣiṣẹ́ lónìí, kò ń ṣiṣẹ́ lọ́la. Ìgbà tí ó tún ìwé Ge Hong kà ni ó yé e pé iná ni ó ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ó rí oògùn náà yọ láìlo ooru púpọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ mu ún wò ní 1972. Ẹ̀bùn Nobel dé ní 2015. Ge Hong kò mọ kòkòrò ibà. Omi tútù lásán ni ewé tí ó kù, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń sọ pé ẹni tí ó bá ti ṣí igbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí fún un. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Xechem gba àṣẹ láti máa ṣe Niprisan ní 2002. Wọ́n gbé e jáde ní Àbújá ní 2006 ní orúkọ Nicosan. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè, ó kógbá sílé. Àwọn òbí tí wọ́n ti ń rí i rà fún ọmọ wọn wá a títí. Bí Bàbá bá wà láyé, ẹ̀rín rẹ̀ ìbá ti ju ti ìjọ́sí lọ. Ṣùgbọ́n n óò rán an létí pé ìyàtọ̀ wà. Ohun tí ó wà nínú oògùn Ògúnyalé wà lákọsílẹ̀, ohun tí ó ṣe fún àwọn aláìsàn 82 wà lákọsílẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lè tún un bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Kò sí ẹni tí ó lè bẹ̀rẹ̀ ti Bàbá.

Èrò tèmi ni pé Bàbá kò ṣẹ̀ nígbà tí ó kọ̀ láti fi oògùn rẹ̀ tọrẹ. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè owó, láti béèrè ìwé àdéhùn, láti ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sí i, tàbí kí ó ní “Ẹ máa lọ.” Ibi tí ó ti ṣẹ̀ ni pé ó fún wọn ní ewé èké. Ẹni tí ó sọ pé òun kò ní í sọ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti wá a. Ẹni tí ó sọ irọ́ di ọ̀nà náà pa. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn àlejò náà sè é lóòótọ́, tí kò sì ṣiṣẹ́, wọn yóò ti kọ ọ́ síbì kan pé oògùn ará Ìlobù báyìí kò wúlò. Ní ti àwọn àlejò, ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn ni pé wọn kò padà wá. Ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu arúgbó, tí kò sì padà wá jábọ̀ fún un, kò ṣe ìwádìí. Ó kàn gba ohun olóhun lọ ni.

Àbúrò bàbá mi obìnrin kan ṣì wà láyé ní agbo ilé wa. Òun ni Bàbá máa ń rán lọ já ewé nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo kúnlẹ̀ tì í, mo bi í léèrè bí ó bá rántí. Ó ka márùn-ún fún mi láì wo òkè. Ó ní ẹ̀kẹfà wà, Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó máa ń lọ já a, láàárọ̀ kùtù. Mo ti mú ìwé jáde kí n máa kọ ọ́, ni ó bá na ọwọ́, ó dá mi dúró. Ó ní, “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ ta ni o fẹ́ kọ sórí rẹ̀?”

Orúkọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ni mo kọ márààrún, mo sì fi ìlà kẹfà sílẹ̀ lófo. N kò ní í dárúkọ wọn níhìn-ín. A kò tíì dán wọn wò, kò sì tíì sọ fún mi pé kí n tà wọ́n fún aráyé. Mo ti ṣèlérí fún un pé n óò padà wá.